Ẹ̀yin kò kan ilẹ̀kùn: ohun tí mo kọ́ nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìrántí Màmá mi

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta tí Màmá mi jáde láyé, mo jókòó sí ìdí tábìlì láti kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú. Èmi ni àkọ́bí, èmi sì ni àwọn àbúrò mi gbà pé ó mọ ìwé kọ jù láàrin wa. Lẹ́yìn wákàtí méjì, gbólóhùn márùn-ún péré ni ó wà lórí ìwé: ọdún tí a bí wọn, ọdún tí wọ́n ṣe ìrìbọmi, ọdún tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, iye ọmọ tí wọ́n bí, àti pé wọ́n fi ọdún 31 ṣiṣẹ́ nínú Ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́, ẹgbẹ́ àwọn Kátólíìkì tí ń ran aláìní lọ́wọ́. Mo ka gbólóhùn karùn-ún yẹn ní àkàtúnkà, mo sì rí i pé n kò ní ìkẹfà tí n óò fi tẹ̀ lé e. Fún ọdún 31 ni obìnrin tí ó bí mi fi ń jáde nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti lọ bẹ àwọn tí ayé le fún wò, n kò sì mọ ilé kan, n kò mọ orúkọ kan, n kò mọ ohun kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀.

Mo ń kọ èyí fún ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè, tí ìyá náà sì jẹ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fi ọwọ́ kan di ilé rẹ̀ mú, tí ó fi ọwọ́ kejì di àwọn ẹlòmíràn mú. Mo sì ń kọ ọ́ fún ẹni tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ lọ, tí wọ́n ti gbé bébà àti kálàmù lé lọ́wọ́ pé kí ó kọ ìrántí. Mo ṣe àṣìṣe púpọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì dun ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. N óò sọ wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

Láti kékeré ni inú mi kò ti dùn sí iṣẹ́ àánú Màmá mi. Ó ṣòro láti kọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé ẹgbẹ́, ọ̀sán Sátidé sì ni àbẹ̀wò, èyí tí Màmá máa ń lọ pẹ̀lú obìnrin kan tí ó fi ọdún díẹ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n a se oúnjẹ sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde, wọ́n a fi àwo bo ti Bàbá wa, wọ́n a sì rán ẹnì kọ̀ọ̀kan wa létí iṣẹ́ tí ó ní láti ṣe. Bí wọ́n bá dé, wọ́n a bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n a fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, wọ́n a wá jókòó sí etí ibùsùn mi, wọn kò sì ní sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ òórùn oògùn lára aṣọ wọn, òórùn ilé tí kì í ṣe tiwa. Bí mo bá bi wọ́n pé ibo ni wọ́n lọ, ìdáhùn kan náà ni: "Ilé àwọn ènìyàn." Bí mo bá tún bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe níbẹ̀, wọ́n a ní, "Ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn, ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi."

Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní Sátidé kan. Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi, wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n ní kí Bàbá jókòó tì mí, wọ́n sì jáde. Wọn kò pẹ́ ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo gbé wákàtí kan ààbọ̀ yẹn sínú fún ohun tí ó lé ní 20 ọdún. Mo gbà lọ́kàn mi pé àwọn ẹlòmíràn ń jẹ nínú ìyá mi ju bí èmi ṣe ń jẹ lọ. Mo dàgbà, mo ṣe ìgbéyàwó, èmi náà bímọ, mo sì mọ̀ pé ènìyàn lè fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ títí kí ó sì tún jáde nílé. Síbẹ̀, n kò bi wọ́n léèrè ọjọ́ náà rí, nítorí mo ń bẹ̀rù ìdáhùn tí wọn yóò fún mi.

Lẹ́yìn ikú wọn ni mo tó mọ ohun tí ó wà nídìí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Màmá. Ní Paris, ní 1833, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bíi mélòó kan kó ara wọn jọ láti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Frédéric Ozanam, ẹni 20 ọdún, wà lára wọn. Ìfẹ́ iṣẹ́ náà wà lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí a ṣe ń wọ ilé ẹni tí ìyà ń jẹ. Sísítà Rosalie Rendu, tí ó ti pẹ́ láàrin àwọn tálákà ìlú náà, ni ó fi àwọn ilé hàn wọ́n, tí ó sì kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe ìrànlọ́wọ́ láìtàbùkù ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, àbẹ̀wò ilé ni òpómúléró iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà. Méjì-méjì ni wọ́n ń lọ. Ohun tí wọ́n bá rí àti ohun tí wọ́n bá gbọ́ kì í jáde sí ìta. Owó tí wọ́n ń dá ní ìpàdé pàápàá, inú àpò kan tí ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni oníkálukú ń ti ọwọ́ bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ iye tí ẹnìkejì fi síbẹ̀. Inú Mátíù orí 6 ni wọ́n ti mú un, níbi tí Jésù ti ní kí ọwọ́ òsì má ṣe mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Àwa tí a wà nílé rò pé ìyá wa ń ti ilẹ̀kùn ọkàn wọn mọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ìlànà ni wọ́n ń pa mọ́.

Bí ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí bá jẹ́ ìyá tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ìlànà náà fún àwọn ọmọ yín. Ẹ má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe dárúkọ ilé kankan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìdí tí ẹ fi ń dákẹ́, nítorí pé ọmọ tí kò mọ ìdí yóò wá ìdí fún ara rẹ̀, èyí tí yóò sì rí kò ní dára.

Àìsàn ọkàn ni ó mú Màmá. Ẹsẹ̀ wọn ń wú, èémí wọn ń kúrú, wọn kò sì lè sùn mọ́ àfi kí wọ́n fara ti ìrọ̀rí mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gba ibùsùn ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n pe Fadá wá kí wọ́n lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n sì gba òróró. Mo dáhùn pé, "Màmá, ọ̀rọ̀ kò tíì dé ibẹ̀." Ohun tí mo gbọ́ láti kékeré ni pé òróró ìkẹyìn ni, pé bí Fadá bá ti gbé e dé, ìyẹn ni pé a ti gbà pé ẹni náà ń lọ. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ta ni ó sọ fún ọ pé mo fẹ́ kú? Okun ni mo fẹ́ gbà." Wọ́n tún béèrè ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tún béèrè ní ọjọ́ karùn-ún. Mo ń sọ pé ọ̀la. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà, wọ́n ṣí ẹnu láti bá mi sọ̀rọ̀, ohùn kò jáde.

Ẹnìkejì wọn nínú ẹgbẹ́, obìnrin tí wọ́n jọ ń lọ sí àbẹ̀wò, ni ó pe Fadá ní òru ọjọ́ náà. Fadá dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo rí i bí wọ́n ṣe ki àtàńpàkò bọ inú òróró, tí wọ́n fi kan iwájú orí Màmá, tí wọ́n sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn, ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n fi òróró sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún náà sílẹ̀, Màmá pa ìka wọn dé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí a fi nǹkan lé lọ́wọ́ tí kò fẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀. Àmọ́ wọn kò lè jẹ́wọ́ mọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, wọn kò sì lè gbé Ara Kristi, oúnjẹ mímọ́ tí à ń gbà ní Mísà, mì. Fadá ka àdúrà ìdáríjì lé wọn lórí, wọ́n sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé àánú Ọlọ́run kò dúró de ohùn ènìyàn. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Síbẹ̀ ohun tí ìyá mi béèrè lọ́wọ́ mi nígbà mẹ́ta ni mo fi dù wọ́n, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ohun tí mo mọ̀ nísinsìnyí rèé. Ìgbìmọ̀ Fátíkàn Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì àgbáyé, ti sọ ní 1963 pé orúkọ tí ó yẹ Sákráméǹtì náà jù ni Ìfòróróyàn Àwọn Aláìsàn, pé kì í ṣe ti àwọn tí ẹ̀mí wọn ti dé ọ̀fun nìkan, àti pé ìgbà tí àìsàn tàbí ọjọ́ ogbó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wu ènìyàn léwu ni àkókò rẹ̀ ti tó. Ní 1972 ni Póòpù Paul VI ṣe ètò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é lónìí. A lè tún un ṣe bí aláìsàn bá gbádùn tí ó tún ṣàìsàn, tàbí bí àìsàn kan náà bá le sí i. Fadá tàbí bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni ó lè ṣe é, nítorí náà kí a má ṣe dúró títí di òru tí kò ní sí ẹni tí a óò rí pè. Ní ti ẹni tí ó ń lọ gan-an, Ara Kristi ni Ìjọ ń pèsè fún un gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ìrìnàjò, ó sì yẹ kí a pe Fadá nígbà tí ẹni náà ṣì lè ya ẹnu. Bí ìyá yín bá ní kí ẹ pe Fadá, ẹ pè é ní ọjọ́ náà gan-an.

Nǹkan mìíràn tí n kò ṣe ni pé n kò gba ohùn wọn sílẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo ọjọ́ tí a jọ jókòó sọ̀rọ̀. Ohùn kan ṣoṣo tí mo ní jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bi mí bóyá mo ti jẹun, tí wọ́n sì ń sọ fún ẹnìkan ní ẹ̀yìn pé kí ó rọra gbé àga náà. Mo ti gbọ́ ọ ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àwọn ìwé wọn. Ní ọjọ́ kejì ikú wọn, èmi àti àwọn àbúrò mi wọ yàrá wọn láti palẹ̀ mọ́ kí àwọn àlejò tó dé. Ìbànújẹ́ a máa fún ènìyàn ní agbára òdì. Ó ń wù wá láti gbé nǹkan, láti gbá nǹkan, láti dá nǹkan nù. A kó bébà tí ó kún àpò méjì jáde, a sì sun ún. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí àpò tí wọ́n máa ń gbé lọ sí Mísà, mo sì bá Rosárì wọn níbẹ̀, ìwé àdúrà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, àti ìwé pélébé méjì tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn àbẹ̀wò. Wọ́n kọ nọ́ńbà 6 sí ẹ̀yìn ọ̀kan, 7 sí ẹ̀yìn èkejì. Mo dúró síbẹ̀, ó sì yé mi pé márùn-ún ti bá iná lọ. Bí Sátidé tí ibà ń ṣe mí bá wà nínú ọ̀kankan, inú àwọn tí a sun ni ó wà.

Ẹ má ṣe fọwọ́ kan bébà òkú láàrin oṣù kan àkọ́kọ́. Ẹ kó o sínú àpótí, ẹ tì í. Àwọn Kátólíìkì káàkiri ayé mọ Zélie Martin, obìnrin ará Faransé tí ó ń hun léèsì tà, tí ó ń tọ́ ọmọ, tí ó sì kú ní 1877. Ìjọ sọ òun àti ọkọ rẹ̀ Louis di ẹni mímọ́ pa pọ̀ ní 2015. Lẹ́tà rẹ̀ tí ó lé ní 200 ni ó wà títí di òní, láti inú wọn ni a sì ti mọ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń rẹ̀ ẹ́, bí ikú àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe dùn ún, bí ọmọ alágídí kan ṣe ń dà á láàmú. Ìdílé rẹ̀ tọ́jú wọn, wọn kò fi wọ́n dáná. Nígbà tí mo ka èyí, mo sunkún.

Ní ọjọ́ kẹrin, ẹnìkejì Màmá wá sí ilé wa. Wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí o bá rí ìwé pélébé kan lọ́dọ̀ wọn, má ṣe kà á. Kó o fún mi. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wà níbẹ̀." Ìwé méjèèjì wà nínú yàrá mi lákòókò náà. Mo wo ojú wọn, mo sì sọ pé n kò tíì rí wọn.

Mo kà wọ́n tán ní òru ọjọ́ náà. Màmá kì í kọ orúkọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dúró fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ wọn sì kúrú. "Ó ti lè jókòó. Ó ní kí a má mú nǹkan wá mọ́, kí a ṣáà máa wá." Ní ojú ewé mìíràn: "Mo sọ̀rọ̀ jù lónìí. Olúwa, dáríjì mí." Ọ̀kan wà tí ó jẹ́ ìlà kan péré: "A kan ilẹ̀kùn, kò ṣí i. A dúró díẹ̀, a lọ." Ìlà kan náà yìí ni wọ́n kọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún: "Ó ṣí i." Inú mi dùn débi pé ara mi ń gbọ̀n. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, mo ti rí gbólóhùn kẹfà mi.

Mo ní lọ́kàn pé Fadá ni yóò sọ ìtàn náà nínú ìwàásù. Fadá ní rárá. Wọ́n ṣàlàyé pé ìlànà Mísà sọ pé kí ìwàásù kúkúrú wà ní Mísà ìsìnkú, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe di ọ̀rọ̀ ìyìn òkú. Pé lẹ́yìn àdúrà tí ó tẹ̀ lé gbígba Ara Kristi, kí a tó ṣe ètò ìdágbére, ẹnìkan nínú ẹbí lè sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Àti pé bí a bá ní ìtàn gígùn, àìsùn ni kí a ti sọ ọ́. Inú bí mi púpọ̀. Mo rò pé obìnrin tí ó fún ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ayé rẹ̀ tọ́ sí ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹni tí ó bá ń gbèrò ìsìnkú lọ́dọ̀ àwa Kátólíìkì, kí ó tètè lọ bá Fadá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí èyí, kí ó má ṣe dúró títí ìwé ètò yóò fi jáde gẹ́gẹ́ bí èmi ti ṣe.

Mo gba ìṣẹ́jú mẹ́ta náà. Mo dìde, mo sì sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó ti wà ní ipò gíga rí lẹ́nu iṣẹ́, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ, tí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo sọ bí Màmá mi àti ẹnìkejì wọn ṣe lọ síbẹ̀ títí ó fi ṣí i, bí wọ́n ṣe gbá yàrá rẹ̀, bí wọ́n ṣe fọ aṣọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe mú un padà wá sí Mísà. N kò dárúkọ rẹ̀, mo sì rò pé èyí ti tó. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ohùn sókè pé kí a má ṣe sunkún, pé Màmá ti wà láàrin àwọn ẹni mímọ́ lọ́run. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo rí i tí àwọn orí kan ń yí sẹ́yìn. Mo rò pé ọmọ kan ni ó ń sunkún níbẹ̀.

Ọkùnrin náà ni wọ́n ń wò. Ìjọ tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ti ẹni méjì. Ó wà lórí ìjókòó ìkẹyìn, ó sì dìde jáde kí a tó wọ́n omi mímọ́ sí pósí. Ọdún mẹ́rin ni Màmá fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sì lè dúró dá gbére fún wọn nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹnìkejì Màmá sọ fún mi. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní ọkùnrin náà kò wá sí Mísà mọ́ láti ọjọ́ yẹn, wọ́n sì bi mí léèrè bí mo ṣe mọ ìtàn rẹ̀. Mo wọlé lọ mú ìwé méjèèjì wá, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa. Wọ́n gbà wọ́n, wọ́n fi wọ́n sínú àpò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò retí: "Èyí tí o tún sọ pé wọ́n ti wà lọ́run, ta ni yóò wá gbàdúrà fún wọn? Ìyá rẹ kì í pa Mísà ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá jẹ lọ́dọọdún nítorí àwọn òkú. Àwọn náà ń retí tiwọn."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí Fadá fi dù mí ní ìwàásù. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ìyìn gba àdúrà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Màmá mi kì í ṣe ẹni tí kò ní àléébù, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń yára bínú bí ó bá ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n le mọ́ àbúrò mi kékeré ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn méjèèjì sì lo ọdún méjì láìbá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Àbúrò mi yìí wà ní Mísà ọjọ́ náà, ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ìyá kan tí kò mọ̀. Nígbà tí a tún jókòó, tí mo sì gbà kí ó sọ ìbínú rẹ̀ láìdá a dúró, ó sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Màmá ti kú, ó sì rántí pé àwọn ni wọ́n wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn, pé wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi ní kí wọ́n wọlé. N kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ ìrántí, ẹ bi ọmọ tí òun àti ìyá yín kò rẹ́ jù léèrè, kí ẹ sì kọ ohun tí ó bá sọ.

Mo bẹ ẹnìkejì Màmá kí wọ́n mú mi lọ sí ilé ọkùnrin náà. Wọ́n ní àwọn yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ó tó gbà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó gbé àga fún wa, òun fúnra rẹ̀ sì dúró. Mo tọrọ àforíjì. N kò wí àwíjàre kankan. Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé, "Màmá yín a máa kan ilẹ̀kùn, wọ́n a sì dúró títí n óò fi ní kí wọ́n wọlé. Ọdún mẹ́rin, wọn kò ṣe é bí ẹni pé ilé tiwọn ni rí, títí kan ìgbà tí mo ti fún wọn ní àyè. Ẹ̀yin kò kan ilẹ̀kùn." N kò ní èsì. Ó bu omi fún wa kí a tó lọ.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, mo san ohun tí mo jẹ Màmá ní àdúrà. Ìjọ fi ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹjọ oṣù náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá lọ gbàdúrà fún òkú ní itẹ́ òkú, pé bí ó bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí ó gba Ara Kristi, tí ó sì gbàdúrà fún ohun tí Póòpù ń gbàdúrà fún, kí òkú náà jẹ àǹfààní rẹ̀. Mo lọ ní ọjọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, èmi àti àbúrò mi. Mo ka Rosárì pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ Màmá, èyí tí ọwọ́ wọn ti sọ di dídán ní apá ibi kan, mo sì sọ fún wọn pé mo tọrọ àforíjì nítorí Fadá tí n kò tètè pè.

Ìwé tí mo kọ nípa wọn nígbẹ̀yìn, ojú ewé 14 ni, ó sì wà nínú àpótí nílé fún àwọn ọmọ wa. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ohun tí ó jẹ́ tiwọn: bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, àdúrà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí etí ìwé àdúrà wọn, ìbínú wọn, ẹ̀rín wọn, ọ̀nà tí wọ́n gbà bẹ ọmọ wọn, àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n pa dé lórí òróró. Kò sí ilé ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àfi tiwa. Ìtàn ọkùnrin náà tí mo kọ síbí yìí, òun ni ó ka àkọ́kọ́, tí ó yọ ohun tí ó fẹ́ kúrò, tí ó yí èyí tí ó fẹ́ padà, kí ó tó sọ pé mo lè kọ ọ́.

Lẹ́yìn ọdún kan, ẹnìkejì Màmá bi mí bóyá mo lè máa tẹ̀ lé wọn, nítorí pé ẹnìkan kì í dá lọ, kò sì sí ẹni tí ó gba ipò Màmá láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Ọmọ mi obìnrin bi mí nílé ní Sátidé àkọ́kọ́ pé ibo ni mò ń lọ. Mo jókòó, mo ṣàlàyé ìlànà náà fún un, ó sì gbé àga tì mí kí n tó bọ́ sí ọ̀nà. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, mo na ọwọ́ láti ṣí i, nítorí ó ṣí díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnìkejì Màmá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n fi ìka kan ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì, a sì dúró.